Ọwọ́ Ń Kó O Lẹ́ẹ̀kan, Ojú Ń Kà Á Lọ́kọ̀ọ̀kan

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀wò lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fádìyẹ. Bí èèyàn bá ṣí ogójì táàbù sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó kọ́pì líǹkì gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kí ló fún onítọ̀hún gan-an? Ṣé ìmọ̀ ló fún un ni, àbí ẹrù? Bí wọ́n bá sì tú ẹrù náà, tí wọ́n bá ohun tí kò yẹ nínú rẹ̀, ta ni yóò dáhùn?

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń lọ. Ohun kan ṣoṣo lẹ fẹ́ mọ̀, bóyá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú oríkì. Ẹ tẹ ibì kan, ó gbé yín dé ibòmíràn, ibòmíràn náà tọ́ka síbi mẹ́ta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, táàbù ti tò sókè bí eyín, wọ́n ti tín-ín-rín débi pé ẹ ò rí orúkọ wọn kà mọ́. Tó bá wá di pé ká kó wọn, ọ̀nà pọ̀. Nínú Chrome tàbí Firefox, bí ẹ bá tẹ Ctrl mọ́lẹ̀, tí ẹ ń tẹ orí táàbù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ lè mú iye tí ẹ bá fẹ́ pa pọ̀. Bí ẹ bá tẹ Ctrl, Shift àti D lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo èyí tó wà ní ṣíṣí á wọ inú fódà bookmark kan. Ẹ wọ inú fódà yẹn, ẹ mú gbogbo rẹ̀, ẹ kọ́pì, ẹ lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé tí ẹ ń kọ: líǹkì á tò sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ti fi irinṣẹ́ kékeré kún browser wọn, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ó parí. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Mi ò ní bú ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Níbi tí iná ti lè lọ nígbàkugbà, tí dátà sì ń jó bí epo bẹntiróòlù, ọgbọ́n ni. Ìyá ọlọ́jà tí òjò ká mọ́ ìsọ̀ kì í dúró ka ata kó tó kó o wọ apẹ̀rẹ̀. Á kó gbogbo rẹ̀ gììrì, á wá ṣà á nílé. Kíkó lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ìyá yẹn ò jẹ́ ṣe ni pé kó gbé apẹ̀rẹ̀ náà bó ṣe rí, ata jíjẹrà àti ata tútù, kó tà á fún oníbàárà láìwo inú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tèmi wà.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Òótọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ mọ òdodo ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà bíi mélòó kan dé ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ṣé òwe méjèèjì ń bá ara wọn jà ni? Lójú tèmi, wọn ò jà. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà, èkejì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀. Ọ̀nà lè pọ̀ tó bó ṣe fẹ́, ẹsẹ̀ méjì péré lèèyàn ní. Ogójì líǹkì, ogójì ọ̀nà ni. Ẹni tó kó wọn jọ, kò tíì rìn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí líǹkì jẹ́ gan-an. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Switzerland, ló gbé àbá ohun tó padà di World Wide Web kalẹ̀ lọ́dún 1989. Nínú ètò yẹn, ìwé kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, kí èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan lè nàka sí èyí tó wà lórí òmíràn. Nàka ni mo wí. Líǹkì kì í gbé ohun tó ń tọ́ka sí dání. Ó dà bí ẹni tó ní "ilé Bàbá Àlàdé wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí": ó ti sọ ibi tí ilé wà, kò tíì fún yín ní Bàbá Àlàdé.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá. Odù Ifá jẹ́ 256: ojú odù 16, àmúlù odù 240. Ẹni tó bá ní ọpọlọ pípé lè há orúkọ gbogbo wọn sórí láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí bó bá ti mọ mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́, pípa wọ́n pọ̀ mọ́ra ni ìyókù. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ pe onítọ̀hún ní babaláwo? Orúkọ odù ni ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ ló wà nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ awo fi ń sin ọ̀gá rẹ̀ nítorí ẹsẹ, kì í ṣe nítorí orúkọ. Bí babaláwo bá sì ń kì fún ẹni tó wá dáfá, ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn ni, títí onítọ̀hún á fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Kò sí awo tó lè ki ẹsẹ mẹ́jọ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ahọ́n kan ṣoṣo ló ní.

Àdírẹ́sì tún ní àléébù kan: ilé lè kúrò níbẹ̀. Lọ́dún 2024, Pew Research Center ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde pé nínú àwọn ojú ìwé tó wà lórí ayélujára lọ́dún 2013, ìdá 38 nínú 100 ni kò ṣeé ṣí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ òfin ní Harvard ti wo àwọn líǹkì tó wà nínú ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé bí ìdajì wọn ò gbé èèyàn dé ohun tí adájọ́ tọ́ka sí mọ́. Adájọ́ àgbà lórílẹ̀-èdè tó lówó jù lọ láyé rèé o! Mélòómélòó wá ni ẹni tó ń kó líǹkì pamọ́ sórí fóònù, tó ní òun á kà á lọ́jọ́ kan? Ohun tí a ti kà, tó ti wọ inú wa, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ níbẹ̀. Àdírẹ́sì nìkan kò ní irú ààbò yẹn.

Ẹnì kan lè wá sọ pé: "Ó dára, ṣùgbọ́n mo kúkú ń fún ẹlòmíràn ni. Bí n ò bá tiẹ̀ kà á, òun lè kà á. Ṣé ìwà ọ̀làwọ́ ti di àìdáa ni?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fò ó.

Lóṣù keje ọdún 1945, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ ayélujára rí, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Vannevar Bush kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Atlantic Monthly. Ó ro ẹ̀rọ kan lọ́kàn, ó pè é ní memex. Tábìlì ni, tí gbogbo ìwé èèyàn á wà nínú rẹ̀, tó sì lè so ìwé kan mọ́ òmíràn bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀. Ó fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń wádìí ìdí tí ọrun kúkúrú àwọn ará Tọ́kì fi dára ju ọrun gígùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ nígbà ogun Crusades. Onítọ̀hún so ìwé mọ́ ìwé títí. Lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn èèyàn ṣe máa ń kọ ohun tuntun. Ó rántí okùn ìwádìí yẹn, ó ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ rí i pé Bush ti rí kíkó lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀nà jíjìn, kò sì sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà nínú ẹ̀bùn yẹn tí kì í sí nínú tiwa. Ìkíní, fúnra rẹ̀ ló to ìwé wọ̀nyẹn tẹ̀ léra, èyí tó ṣáájú ní ìdí tó fi ṣáájú. Ìkejì, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èrò tirẹ̀ sáàárín wọn. Ìkẹta, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń sọ, ẹ̀bùn náà sì dáhùn sí i. Bí a bá kọ́pì táàbù ogójì bí wọ́n ṣe ṣí, àwọn mẹ́ta yìí gan-an ló máa ń jábọ́ lọ́nà. Ìtòtẹ̀léra wọn jẹ́ bí ọwọ́ wa ṣe ń tẹ̀ wọ́n nígbà tí à ń wá kiri, kò sóhùn wa níbẹ̀, a ò sì mọ èyí tó kan ẹni tí a fún.

Àwọn baba wa ní àrokò. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a fi okùn so lè sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, torí pé ẹ́fà àti fífà jọ dún. Mẹ́jọ lè sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Iye rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, bí a ṣe so ó ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe kọjú síra tàbí kọ̀yìn síra ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wá da igba ẹyọ owó sínú àpò, tó fi rán ọmọ, owó ló fi ránṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Bákan náà ni líǹkì. Mẹ́ta tí a yàn lè sọ fún ẹni tó gbà á pé a mọ ohun tó ń wá. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta tí a dà lé e lórí ń sọ pé: gba èyí, lọ máa wá a kiri.

Tó bá jẹ́ ti èdè wa, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Bí ẹ bá ṣí ojú ìwé kan lórí Wikipedia Yorùbá, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ lókè pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gún régé. Ẹ wá kọ́pì líǹkì rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ kan ṣoṣo á ti di %E1%BB%8D. Àmì mẹ́sàn-án fún fáwẹ́lì kan! Kọ̀ǹpútà mọ ohun tó jẹ́, kò ní ṣìnà. Ojú èèyàn ni kò lè kà á mọ́. Líǹkì Gẹ̀ẹ́sì lè fẹnu ara rẹ̀ sọ díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú rẹ̀, tiwa kì í sábà lè sọ nǹkan kan. Bí ẹni tó fi ránṣẹ́ kò bá kọ gbólóhùn kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹrù dídì ni. Bó bá wá jẹ́ ogún irú rẹ̀ ló tò sílẹ̀ ńkọ́?

Títí dé ibi tí a dé yìí, ẹ lè sọ pé àkókò lásán la ń fi ṣòfò, kò sẹ́ni tó kú. Ẹ gbọ́ èyí.

Nínú ẹgbẹ́ akéwì kan tí mo mọ̀, ọmọbìnrin kan kọ ewì nípa ikú bàbá rẹ̀. Kò tíì parí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí Google Docs, ó ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó bá ti ní líǹkì rẹ̀ lè kà á, ó sì fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́kàn lé, pé kó bá òun wò ó. Lọ́jọ́ kejì, àwọn yòókù ń wá ìwé lórí ewì àbáláyé nítorí iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wọn. Ẹni tó gba líǹkì yìí láàánú wọn. Ó kọ́pì gbogbo táàbù tó ṣí, mẹ́tàdínlógójì, ó dà á sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Líǹkì ewì yẹn wà nínú wọn, ìkọkàndínlógún ni. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn èèyàn ti ń kí ọmọ náà kú ará fẹ́ra kù. Ọ̀kan tiẹ̀ ń bá a tún àmì ohùn ìlà kẹrin ṣe. Ọ̀rọ̀ tí kò tíì lè sọ fún ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń tún àmì rẹ̀ ṣe fún un ní gbangba. Ó pa ewì náà rẹ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì kọ òmíràn.

Ẹni tó fi ránṣẹ́ sọ pé: "Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀." Mo gbà á gbọ́. Èèyàn dáadáa ni, kò sì ní in lọ́kàn láti dójú tì í. Ṣùgbọ́n ṣé àìmọ̀ yẹn tó gẹ́gẹ́ bí àwíjàre? Ibí yìí ni mo ti ronú jù lọ.

Àìmọ̀ kan wà tó ń bá èèyàn ni, bí ẹni tó ra iṣu tó ti jẹrà nínú: kò sí bó ṣe lè rí i láìgé e. Àìmọ̀ mìíràn wà tí a fọwọ́ ara wa yàn. Kí ni ìwúlò kíkó lẹ́ẹ̀kan? Òun ni pé kò jẹ́ ká dúró wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń dín kù fún wa gan-an ni wíwò yẹn. Nítorí náà, ẹni tó kó o lẹ́ẹ̀kan ti yàn pé òun ò ní wò ó. Kó tó kó o ńkọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bó bá kó o tán tó fi í pamọ́ fún ara rẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ ní ìṣẹ́jú tó fẹ́ fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, àǹfààní àti wò ó ṣì wà. Bó bá fo ìṣẹ́jú yẹn, "mi ò mọ̀" ti di "mi ò fẹ́ mọ̀".

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo máa ń rò pé òwe yìí kan ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣọwọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Kọ̀ǹpútà ni ẹrú tó ń jẹ́ iṣẹ́ bí a ṣe rán an: o ní kó kó gbogbo rẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀, kò bèèrè pé "èyí ńkọ́?" Ọmọ ló yẹ kí àwa jẹ́. Àwa ló yẹ kí a bèèrè.

Bí mo ṣe rò ó, ọ̀nà mẹ́ta ni líǹkì tó wà lọ́wọ́ èèyàn pín sí. Ọ̀kan ni ilé tí a ti wọ̀, tí a sì mọ inú rẹ̀. Èkejì ni ilé tí a dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí a ò tíì wọ̀. Ẹ̀kẹta ni kọ́kọ́rọ́ ilé onílé. Lójú kọ̀ǹpútà, bákan náà ni gbogbo wọn rí, wọ́n jọ fi https bẹ̀rẹ̀. Àwa nìkan la mọ ìyàtọ̀ wọn, ojú la sì fi ń mọ̀ ọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí a ti wọ̀, ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn kan sin ín lọ. Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá nǹkan lórí ìjálá." Táàbù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ṣí níwájú mi. Mẹ́ta ni mo mú nínú wọn, mo sì sọ fún un pé kó kọ́kọ́ wá ìwé tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde lórí ìjálá lọ́dún 1966 ní láìbúrárì, kó tó ṣí líǹkì kankan. Mo kọ sí ọ̀kan pé, "Ohùn ọdẹ gan-an lo máa gbọ́ níbí, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì." Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló gbà mí. Ó dá mi lóhùn lálẹ́, ó ní òun ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Èyí tí a ò tíì wọ̀, kò sóhun tó burú nínú kí a fi ránṣẹ́, bí a bá ti lè sọ pé, "Mi ò tíì ka èyí o, bá mi wò ó." Gbólóhùn yẹn kì í tini lójú. Ó ń jẹ́ kí ẹni tó gbà á mọ̀ pé a jọ ń wá ọ̀nà ni, a kì í ṣe afinimọ̀nà. Èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí a nàka sí ibi tí a ò dé rí, kí a sì jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé a ti tibẹ̀ bọ̀.

Ẹ̀kẹta, kọ́kọ́rọ́ onílé, kì í ṣe tiwa láti fún ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín wọn kí ẹ tó kó ohunkóhun. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ tì í pa ní kété tí ẹ bá ti kà á tán.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mi ò ní kí ẹ má kó o lẹ́ẹ̀kan. Iná lè lọ báyìí, kí gbogbo ohun tí ẹ wá láti òwúrọ̀ sì bá a lọ. Ẹ kó o. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ ni pé, láàárín kíkó àti fífúnni, kí a máa fi àyè ìmí díẹ̀ sílẹ̀, kí ojú lè bá ibi tí ọwọ́ ti dé. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ọmọbìnrin yẹn nílò ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ yẹn, kò rí ẹni fún un.